Ẹṣin Igbó Kì í Gbà Láàárín Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde nípa àwọn tó ń tu ẹṣin igbó lójú láìlo pàṣán, inú mi sì dùn pé ìwé ìròyìn tó ń fi èdè wa sọ̀rọ̀ lè fún ẹṣin ní odidi ojú ewé kan. Mò ń kà á lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín títí mo fi dé ibi tí òǹkọ̀wé yín ti ní láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹṣin tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí fúnra rẹ̀ pinnu láti máa tẹ̀lé ọkùnrin tó wà nínú ọgbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ó ti gbà á ní olórí agbo. Ó tún ní kò sí ipá kankan nínú ọ̀nà náà, pé ìfẹ́ lásán ni. Ó wá fi kádìí ọ̀rọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ní sùúrù lè gbìyànjú rẹ̀. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí ló jẹ́ kí n mú gègé.

Ẹṣin igbó ni iṣẹ́ mi. Nevada ni mo wà, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹṣin tí wọ́n ń pè ní mustang wá sí ọgbà wa látinú aṣálẹ̀, kí wọ́n tó fà wọ́n lé ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́. Èmi kọ́ ni ọ̀gá. Èmi ni mò ń gbé koríko gbígbẹ fún wọn, tí mò ń kó ìgbẹ́ wọn, tí mo sì ń dúró tì wọ́n nígbà tí àwọn tó lórúkọ nínú iṣẹ́ náà bá ti kúrò lójú kámẹ́rà. Bóyá ìdí nìyẹn tí ojú mi fi máa ń wà lára ẹṣin ju ara ẹni tó ń tù ú lójú lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fídíò tí òǹkọ̀wé yín ròyìn. Ọgbà roboto ni, irú èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ máa ń tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, kò ní igun tí ẹṣin lè sá há sí. Ọkùnrin náà dúró láàárín, ó kọjú sí ẹṣin gbọn-in, ó ju okùn sí ìhà ìdí rẹ̀. Ẹṣin sá. Ibo ni yóò sá gbà? Ó ń yí ká ni. Nígbà tó yá, ó yí etí kan sínú, ó dín eré kù, ó rẹ orí sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ náà, ọkùnrin yìí gbójú kúrò, ó yí èjìká sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró jẹ́ẹ́. Ẹṣin náà dúró. Bó bá tún fẹ́ máa lọ, okùn á tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá tún kọjú sí ọkùnrin náà, ara á tún tù ú. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹṣin ti mọ̀ pé nínú gbogbo ọgbà náà, ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin yìí nìkan ni kò ti sí wàhálà. Ló bá ń tẹ̀lé e. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń nu omijé.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi máa ń pariwo ṣáá títí n ó fi so bẹ́líìtì mọ́ra. Kíákíá ni mo máa ń so ó. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo ti gba ọkọ̀ náà ní olórí agbo.

Ní 2012, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Sydney, ní Ọsirélíà, dán irú nǹkan yìí wò láìfi ènìyàn sí i. Ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé, èyí tí a ń fi rìmóòtù darí, ni wọ́n fi rọ́pò ènìyàn nínú ọgbà. Ọkọ̀ náà á máa dà ẹṣin láàmú. Bí ẹṣin bá ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́, ọkọ̀ á dúró. Àwọn ẹṣin náà kọ́ ọ: wọ́n ń kọjú sí ọkọ̀, wọ́n sì ń sún mọ́ ọn. Ọkọ̀ ìṣeré kò ní ọ̀yàyà, kò mọ ìṣesí ẹṣin, kò sì jọ olórí agbo níbì kankan. Gbogbo ohun tó mọ̀ kò ju kí ó dẹwọ́ nígbà tó yẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ gan-an nìyẹn. Ìgbà tí a bá dẹwọ́ ni ẹṣin ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá fa okùn, tí ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, tí okùn sì rọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, ó ti gbọ́. Bí a bá pẹ́ díẹ̀ kí a tó dẹ okùn, tí ó fi di pé ó ti ń gbé orí sókè pẹ̀lú ìbínú, orí gbígbé yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ; bó bá dọ̀la, òun náà ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ́dọ̀ ẹṣin, ẹ̀sọ̀ nìkan kò tó. Mo ti rí ẹni jẹ́jẹ́, ẹni tí kò lè pa eṣinṣin, tó ba ẹṣin jẹ́ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dẹ̀ lásìkò. Ó ń fa okùn jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, láìsinmi, títí ẹṣin fi sọ okùn di ohun tí kò kà sí mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn ní láti fà á tagbára-tagbára kó tó gbọ́. Ta ni ìkà nínú àwọn méjèèjì?

Ẹ̀rí mìíràn tí òǹkọ̀wé yín mú wá ni pé ẹṣin náà ń lá ètè, ó sì ń jẹnu lásán, pé bí ó ṣe ń tẹríba nìyẹn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí tó lọ wo agbo ẹṣin tó ń jẹ̀ fúnra wọn ní Ecuador rí i pé ìgbà tí ẹṣin bá ń bọ̀ látinú ìdààmú sínú ìfọ̀kànbalẹ̀ ló máa ń lá ètè. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹṣin inú fídíò náà ń sọ pé ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú kúrò lára òun ni. Ó yẹ kéèyàn béèrè ta ló kó ẹ̀rù náà bá a.

N kò fi èyí bu Monty Roberts kù, ará Amẹ́ríkà tó ń tu ẹṣin lójú, ẹni tí òǹkọ̀wé yín yìn jù. Ní 1989, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ránṣẹ́ pè é lọ sí ààfin Windsor nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó wá fi ọ̀nà rẹ̀ hàn, àti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin tó jẹ́ pé lílù nìkan ni wọ́n jogún ti rí i pé ẹṣin tí kò gba gàárì rí lè gbà á láìjẹ́ pé a so ó mọ́ òpó ká wá máa nà án. Nǹkan ńlá nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára lójú mi. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe lé e lórí ni kò bá mi lára mu, nítorí pé ẹni tó bá gbà pé ẹṣin ti di ọ̀rẹ́ òun lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò kẹ̀yìn sí i níbi tí kò yẹ, ẹni tó bá sì gbà pé òun ni olórí agbo yóò máa lé e nìṣó nígbà tó yẹ kó ti dáwọ́ dúró.

Àpilẹ̀kọ yín tún ṣe bí ẹni pé àná ni wọ́n dá ọ̀nà yìí sílẹ̀. Xenophon, ọmọ ogun ilẹ̀ Gíríìsì, kọ̀wé nípa ẹṣin gígùn ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, ó sì ti sọ níbẹ̀ pé ohun tí a bá fi ipá mú ẹṣin ṣe kò lè lẹ́wà, bí ijó ẹni tí wọ́n ń nà kò ṣe lè lẹ́wà. Ní sẹ́ńtúrì tó kọjá, Tom Dorrance (1910–2003) àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Bill, tí wọ́n dàgbà sínú oko màlúù ní Oregon, ń fi ẹṣin da màlúù, wọ́n sì rí i pé ẹṣin tí a kò bá jà máa ń ṣiṣẹ́ pẹ́ ju èyí tí a bá jà lọ. Ray Hunt, tó kú ní 2009, ló kọ́ ọ lọ́dọ̀ Tom tó sì gbé e káàkiri fún aráyé. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju pé ká jẹ́ kí ohun tó tọ́ rọ ẹṣin lọ́rùn, kí èyí tí kò tọ́ sì máa ni í lára. Darandaran ni àwọn wọ̀nyí, wọn kì í ṣe onídán.

Onídán gidi ni John Rarey, ọmọ Ohio. Ní 1858, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tu ẹṣin lójú níwájú Ọbabìnrin Victoria. Ẹṣin tó fi gbajúmọ̀ jù ń jẹ́ Cruiser, akọ ẹṣin tó burú débi pé wọ́n fi irin dí i lẹ́nu kó má baà fa ènìyàn ya. Rarey kò lù ú. Awọ ló fi so ẹsẹ̀ iwájú kan ká a lórúnkún, tí ẹṣin náà fi kù sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sì mú sùúrù títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tó dùbúlẹ̀. Ó wá jókòó tì í, ó ń fọwọ́ pa á lára láti orí dé ìrù, ó ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí ẹṣin náà dìde, ó ti di pẹ̀lẹ́. Àwọn kan ní òórùn oògùn kan ló fi mú un.

Ẹ wò ó, kò sí pàṣán níbẹ̀, kò sí ariwo, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló kún un. Síbẹ̀ ẹran tó jẹ́ pé sísá ni ààbò rẹ̀ ti rí i pé sísá kò ṣeé ṣe mọ́ láyé. Ẹṣin tó ti sọ ìrètí nù àti ẹṣin tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jọra gan-an lójú ẹni tó jókòó sọ́nà jíjìn, méjèèjì á dúró sójú kan. Ẹni tó bá sún mọ́ wọn ló ń rí ìyàtọ̀. Èyí tó ti sọ ìrètí nù, ètè rẹ̀ á le, ihò imú á fún pọ̀, ojú á là sílẹ̀ láìwo nǹkan kan, ìrù á lẹ̀ mọ́ ìdí, á sì máa làágùn nígbà tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ lè gbé ohunkóhun lé e lórí. Èyí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ á máa ṣe àṣejù díẹ̀: á na ọrùn wá gbóòórùn àpò yín, á fi imú ti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, á yẹra nígbà tó bá wù ú kó yẹra. Èmi fẹ́ràn ẹṣin tó ṣì lè sọ pé "n kò fẹ́". Bí ẹṣin kò bá lè sọ pé òun kò fẹ́ mọ́, ibo la ó ti mọ̀ pé ó fẹ́?

Nípa ti pé kò sí ipá nínú ọ̀nà yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ipá díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọgbà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ipá. Okùn jẹ́ ipá, dídúró tí mo dúró sí ọ̀nà omi náà jẹ́ ipá. Ẹni tó bá ní òun kò lo ipá rárá kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dín in kù.

Abo ẹṣin pupa kan wà lọ́dọ̀ wa tí mò ń pè ní Àdùkẹ́. Àmì ìjọba wà ní òsì ọrùn rẹ̀, lábẹ́ gọ̀gọ̀, èyí tí wọ́n fi irin tútù nini tẹ̀ sí i lára tí irun ibẹ̀ fi hù ní funfun. Nígbà tó dé, bí mo bá ti ṣí ilẹ̀kùn ọgbà, ó ti wà ní ìpẹ̀kun òdì kejì, orí sókè, ojú kan ṣoṣo ló ń fi wò mí. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, ó sì ń rí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán, bí ìwọ̀n 350 nínú 360. Ibi tí kò rí kò ju ẹ̀yìn rẹ̀ gangan àti iwájú orí rẹ̀ gangan lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá rìn tààrà lọ pàdé ẹṣin igbó, tó na ọwọ́ sí iwájú orí rẹ̀, ti wọ ibi tí kò ti rí i dáadáa, ó sì ń rìn bí ẹranko tó ń bọ̀ wá pa á jẹ. Èmi máa ń gba ìhà èjìká lọ, ní wọ́rọ́kọ́, n kì í sì í tẹjú mọ́ ọn.

Ibì kan wà nínú ọgbà náà tó jẹ́ pé bí mo bá ti dé ibẹ̀, Àdùkẹ́ á gbé orí sókè. Iṣẹ́ mi ni kí n dúró kí n tó dé ibẹ̀. N ó dúró títí yóò fi mí kanlẹ̀, tàbí tí yóò fi padà sídìí koríko rẹ̀, n ó sì padà sẹ́yìn. Èmi ni mò ń lọ, òun kọ́. Ó ń rí i pé bí òun bá dúró jẹ́ẹ́, ènìyàn a máa kúrò. Ibi tó ń gbé orí sókè yẹn ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá burú, bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ tàbí bí ajá bá ń gbó lókèèrè, ó tún ń jìnnà padà, n kì í sì í jiyàn. Àlejò kan bi mí rí pé ṣé wọ́n ń san owó fún mi láti máa dúró sójú kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, owó náà ló kéré.

Ọparun gígùn ni mo fi kọ́kọ́ kàn án. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ló ń lò ó, mo sì rí ìdí rẹ̀: ọparun gùn ju tapá ẹṣin lọ. Ibi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, ní orí èjìká, ni mo fi ẹnu ọparun sí. Ó fò, ó sá. Ohun tó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kù yìí: bí ó ti ń sá, n kò gbé ọparun kúrò. Mo jẹ́ kó wà lára rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, mò ń yí tẹ̀lé e, ìgbà tó sì dúró ni mo gbé e kúrò. Bí mo bá gbé e kúrò nígbà tó ń sá, mo ti kọ́ ọ pé sísá ló ń lé ọparun lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi họ ọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ẹṣin máa ń fi eyín họ fún ara wọn nínú agbo, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993 sì fi hàn pé bí a bá họ ẹṣin níbẹ̀, ìlù ọkàn rẹ̀ máa ń rọlẹ̀. Àdùkẹ́ na ètè òkè jáde gbọọrọ, ó ń mì í. Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi ń sún bọ̀ lórí ọparun, díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ fi rọ́pò ọparun.

Okùn orí wá tẹ̀lé e, èyí tí kò ní irin lẹ́nu. Mo jẹ́ kó máa wọ́ okùn gígùn kan nílẹ̀ nínú ọgbà tí kò ní ohun tó lè há okùn náà, níṣojú mi. Ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, orí rẹ̀ á dúró, ó ń gbé ẹsẹ̀, orí á bọ́. Ìyẹn ni pé ó ń kọ́ ara rẹ̀ bí okùn ṣe ń dẹ̀, kò sí ọwọ́ mi níbẹ̀ rárá. N kò mọ olùkọ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ ló ṣòro jù. Òǹkọ̀wé yín kò tilẹ̀ mẹ́nu kan ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ pátákò ẹṣin tó wà nínú ọgbà ń fẹ́ gígé ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kò sì sí ẹni tó lè gé pátákò ẹṣin tí kò bá gbé ẹsẹ̀ fún un. Ẹran tó ń fi ẹsẹ̀ sá àsálà, ẹ ní kó gbé ẹsẹ̀ kan lé yín lọ́wọ́! Okùn rírọ̀ ni mo kọ́kọ́ fi yí ẹsẹ̀ náà, kí orí mi lè jìnnà sí pátákò. Ó ta, ó tún ta. Bí ó bá ń ta, okùn ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá rọ̀, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn á tú. Ẹni tó bá tú okùn nítorí pé ẹṣin ta ẹsẹ̀ ti kọ́ ẹṣin ní títa, ẹni tó ń bọ̀ wá gé pátákò ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.

Nígbà tí mo ti lè fọwọ́ kan gbogbo ìhà òsì Àdùkẹ́, mo gba ọ̀tún yọ, ló bá wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Gbogbo rẹ̀ la tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé ọpọlọ ẹṣin pín sí méjì tí apá méjèèjì kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan tó so apá méjèèjì pọ̀ wà nínú ọpọlọ ẹṣin bó ṣe wà nínú tiwa. Nǹkan kan náà kàn jẹ́ tuntun fún un bí ó bá gba ibòmíràn wọlé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú ènìyàn. Lẹ́yìn tí ó ti ń jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun nígbàkugbà, ọkùnrin kan tó dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ wọlé, ó sì fẹ́ fo ọgbà. Èmi ló mọ̀, kò tíì mọ ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ kí oríṣiríṣi ènìyàn wọlé sí wọn, àgbà àti ọ̀dọ́, ẹni tó wọ ẹ̀wù òjò àti ẹni tó gbé agboòrùn, kí a tó ní wọ́n ti ṣe tán láti lọ. Mélòó nínú èyí ló wọ inú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú?

Ẹ kíyè sí i pé n kò tíì dárúkọ gàárì nínú ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́. Gígùn ń bẹ níwájú, ó sì ní tirẹ̀. N kò ní pa á pọ̀ mọ́ ohun tí mo ń sọ yìí, nítorí pé eegun ẹ̀yìn ẹṣin kì í gbó tán títí ó fi tó bí ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, mi ò sì rí ohun tó ń lé wa.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó yẹ kí ẹ tún ṣe. Àpilẹ̀kọ yín ní ẹṣin aláìlólúwa ni mustang, pé ẹni tó bá lè mú un ló ni ín. Àṣìsọ gbáà ni. Baba ńlá wọn jẹ́ ẹṣin ilé tí àwọn ará Sípéènì kó wá láti 1493, nítorí pé ẹṣin àkọ́kọ́ tó wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti parun ní bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. (Pé ẹṣin ilé ni baba ńlá wọn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n ṣeé tù lójú, ẹni tó bá ń jiyàn, kó lọ gbìyànjú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà.) Nígbà tó yá, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ilẹ̀ lé wọn, wọ́n ń kó wọn lọ pa fún oúnjẹ ajá. Obìnrin kan ní Nevada níbí, Velma Johnston, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Àwọn ọmọ ilé ìwé kọ lẹ́tà lọ́pọ̀lọpọ̀ sí àwọn aṣòfin. Òfin kan jáde ní 1959 tó fòfin de lílo ọkọ̀ láti fi ṣọdẹ wọn, èyí tó tóbi jù sì jáde ní December 1971. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá mú wọn tàbí tó pa wọ́n lórí ilẹ̀ ìjọba láìgba àṣẹ ti lùfin, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ilẹ̀ ìjọba, tí wọ́n ń pè ní BLM, ló sì ń bójú tó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní March 2020, ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n ṣírò lé ní 95,000, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ilẹ̀ náà kò lè gbà ju bí 27,000 lọ. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ti ń wá. Hẹlikópítà ni ìjọba fi ń dà wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má fi tèmi kún un.

Ẹni tó bá fẹ́ gba mustang kan gbọ́dọ̀ ní ọgbà tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà fún ẹṣin tó ti dàgbà tí kò tíì mọ ọwọ́ ènìyàn, kí àyè rẹ̀ fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan má sì dín sí ẹsẹ̀ bàtà 20 ní gígùn àti 20 ní fífẹ̀. Ọdún kan gbáko ló ń kọjá kí ìwé ẹ̀tọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti wà lára àwọn tó tù wọ́n lójú, ní Carson City níbí àti ní Cañon City ní Colorado. Mo ti gun ẹṣin tó ti ọwọ́ wọn jáde, ó gbọ́ràn ju ti ọ̀pọ̀ olówó lọ.

Ní ti pé ẹnikẹ́ni lè gbìyànjú rẹ̀: mustang máa ń wọn nǹkan bí 320 sí 450 kílò. Mo mọ ọkùnrin kan tó wé okùn mọ́ ọwọ́ kí ó má baà bọ́, ìka méjì ló bá a lọ. Bí ó bá wu òǹkàwé yín kan, kó wá ẹṣin àgbà tó ti mọ ènìyàn tipẹ́, kó fi okùn sí i lórí, kó máa fi àtàǹpàkò àti ìka kan ṣoṣo bẹ̀ ẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kó sì wo bí yóò ti pẹ́ tó kí ọwọ́ òun tó dẹ̀. Kí ẹlòmíràn dúró ní òde ọgbà máa wò ó. Ẹṣin àgbà á foríjì í. Ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti aṣálẹ̀ bọ̀ kò ní ohun tí yóò fi foríjì í.

Bí ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àwòrán ẹṣin tó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè sí i bíi tọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù ló ń ba ẹṣin náà.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́,
Olùtọ́jú ẹṣin kan ní Nevada